Ẹkún Tí Wọ́n Ń Sun Lẹ́ẹ̀kan

Ní ìlú wa, àwọn tó mọ ẹkún ìyàwó sun jù lọ kì í sí nílé. Ilé ọkọ ni wọ́n wà. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò máa ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí yóò máa fi ohùn arò kí ìyá, kí ẹ̀gbọ́n, kí àbúrò pé ó dìgbóṣe. Bàbá rẹ̀ ni yóò kí kẹ́yìn. Bàbá yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò súre, àwọn tó dúró yóò ṣe àmín, ọmọ á sì máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sun ún. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé eré ọmọdé lásán ni mo fẹ́ sọ.

Nínú eré ọmọdé náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ ilé-ìwé girama sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Ogbooro, ilé gbọọrọ méjì tí wọ́n fi páànù bò, àti pápá kan tó kún fún èèmọ́. Ó ti wọ ọdún kẹrin, wọn ò tíì fi fèrèsé sára kíláàsì tí tísà Yorùbá wa ti dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni tísà yìí, apá Èkìtì ni wọ́n ti wá, wọn kì í sì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí àwọn ọmọkùnrin máa ta òkìtì, kí wọ́n máa jó. Wọ́n ní kí àwa ọmọbìnrin ṣe ìgbéyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìyàwó sì sun ẹkún lójú agbo lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wò wá. Bóyá wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ ṣeré ní ìlú tiwọn, mi ò mọ̀.

Èmi kò lóhùn rárá. Agogo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, mo sì ń lù ú bí ẹni pé ó bú ìyá mi. Ẹni tó lóhùn ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Inú agboolé kan náà ni a ti dàgbà, orí ẹní kan náà la sì ń sùn. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, Ìyá àgbà, ìyá bàbá wa, ló tọ́ ọ. Kíláàsì kẹrin ló wà. Ó kù kó wọ ìkarùn-ún, kó ṣe ìdánwò àṣejáde, kó sì wá ilé-ìwé nọ́ọ̀sì lọ. Bí a bá ti na ẹ̀yìn, ohun tó máa ń sọ kí oorun tó gbé wa lọ nìyẹn: aṣọ funfun, bàtà funfun, àti bí òun yóò ṣe máa gún mi ní abẹ́rẹ́ tí mo bá ya aláìgbọràn. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ti ṣèlérí fún un pé kò sẹ́ni tó máa fi í fọ́kọ títí ìdánwò náà fi máa parí.

Ṣùgbọ́n onílọ́rì kan wà. Kìṣí ló ti ń wá ra ẹlùbọ́ àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ó ti ní ìyàwó nílé, irun orí rẹ̀ sì ti ń funfun. Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé kí n pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Ó máa ń kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á lóṣòó sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, á wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi láti fi ṣaya. Bàbá kò fẹ́ bá a jà, torí ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó irè wa lọ. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún un, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i:

"Ọmọ mi kò tíì dágbére fún mi. Ọjọ́ tó bá dágbére, a ó mọ̀."

Onílọ́rì náà á rẹ́rìn-ín, á ní òun gbọ́. Ọgbọ́n ni Bàbá pè é. Èmi náà pè é lọ́gbọ́n nígbà náà.

Tísà ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ ẹkún lẹ́nu àgbà nílé. Ìyá àgbà ń fọ irú lọ́wọ́ nígbà tó béèrè. Wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ta ni ń lọ sílé ọkọ? Ó ní kò sẹ́ni tó ń lọ, pé eré ilé-ìwé ni. Wọ́n padà sídìí irú wọn. Lọ́jọ́ kejì tó tún bẹ̀ wọ́n, tó fi orí lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n di etí rẹ̀ mú.

"Gbọ́ mi dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kọ́ ọ. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ fi oríkì baba rẹ sí i. Baba ẹlòmíì ni kó o kí. Kí baba tí kò sí. Bó bá ti lè jẹ́ baba tó bí ọ lo pè nínú ẹ̀, kì í ṣe eré mọ́."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"Ìwọ náà ńkọ́, alágogo?" Èmi ni wọ́n ń bá wí. "Ṣó o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

A ń ṣe ìdánrawò lábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọmọkùnrin gíga kan ni bàbá ìyàwó. Wọ́n fi òwú lẹ irùngbọ̀n fún un, wọ́n gbé agbádá alágbàwọ̀ kan wọ̀ ọ́ tó ń wọ́ nílẹ̀, bó bá sì fẹ́ súre, òwú á wọ̀ ọ́ lẹ́nu, á máa húkọ́. A máa ń rẹ́rìn-ín títí tí ikùn á fi máa dùn wá. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín a tán. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́bàá pápá, wọ́n á fetí sílẹ̀, wọ́n á tún gbé e máa lọ.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Wọ́n ti sun ìgbẹ́ yí ìlú ká, eérú ń fò wá bà wá lára lórí pápá, àwòdì sì ń rà bàbà lókè èéfín láti gbé eku tó ń sá fún iná. Inú ọyẹ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí lọ́rì yẹn lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ìdánrawò. Kò fọn fèrè. Kò pe ẹnikẹ́ni. Á kàn dúró síbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, a ó rí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà tó nà síta. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n gbájú mọ́ agogo mi, pé ojú ọ̀nà kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni.

Bàbá kò wá sí ilé-ìwé rí. Àgbẹ̀ iṣu ni wọ́n, oko wọn jìn, gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìwé, wọ́n á ní kí wọ́n rọra fi ti àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ipò kìíní, wọn ò wá. Ó ti sáré ìje borí, wọn ò wá. Nítorí náà lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí, tí mo rí Bàbá tí wọ́n ń bọ̀ láàárín oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú agbádá Iléyá wọn, tí Ìyá àgbà ń tẹ̀ lé wọn, mo yí ojú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìdùnnú tí mo rí lójú rẹ̀ dẹ́rù bà mí. Bàbá jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú. Onílọ́rì wá jókòó sẹ́yìn wọn gan-an, ẹni tí kò ní ọmọ kankan nílé-ìwé náà.

Àwọn ọmọkùnrin ta òkìtì, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. A ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, a ṣe ìdána. Ẹkún kù. Ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú ìborùn lórí, ó kí ìyá eré, ó kí àwọn ọ̀rẹ́ eré, ó rìn lọ síwájú ọmọkùnrin onírùngbọ̀n òwú. Ibẹ̀ ló yẹ kó kúnlẹ̀ sí. Ó dúró. Ó wo ọmọ náà. Ó wá yípadà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rìn la agbo kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì, ó sì fi oríkì bàbá rẹ̀ sẹ́nu. Ó kì wọ́n, ó ki bàbá wọn, ó ki bàbá tó bí bàbá wọn. Agogo dákẹ́ lọ́wọ́ mi.

*Bàbá mi, ẹ wò mí dáadáa kí oòrùn tó wọ̀.*
*Ẹsẹ̀ tí mo fi ń pọnmi wálé ni mo fẹ́ fi lọ.*
*Ẹ bá mi fọwọ́ kan orí,*
*kí ibi tí mò ń lọ má baà lé mi padà.*

Bàbá dìde. Omi ti bọ́ lójú wọn, ọkùnrin tí mi ò rí i kó sunkún rí. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. "Máa lọ, ọmọ mi. Ilé ọkọ á gbà ọ́. Wàá bí, wàá tọ́. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Gbogbo pápá hó àmín. Àmín tó dún jù, ẹ̀yìn Bàbá ló ti wá. Tísà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu ojú. Mo fojú wá Ìyá àgbà. Wọn ò ṣe àmín. Wọ́n ti tẹ orí wọn kọ ilẹ̀.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ó ń fò bí ọmọ kékeré.

"Ṣó o rí Bàbá? Ṣó o rí bí wọ́n ṣe dìde?"

"Mo rí wọn. Ìyá àgbà ní kí o má fi..."

"Wọn ò wá rí," ló dá mi lóhùn. "Ìgbà tí wọ́n wá, ṣé onírùngbọ̀n òwú yẹn ni kí n máa kí níwájú wọn?"

Kò pẹ́ rárá. Wọ́n kí ìrun Jímọ̀ tán, onílọ́rì kó àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú obì. Mo ń gbálẹ̀ nítòsí, mo sì ń gbá ojú kan náà lọ, gbá a bọ̀. Kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ọmọ kò tíì dágbére. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ sì dá a lóhùn."

"Eré ni," Bàbá wí.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà mirí. "Oríkì ta ló kì? Ti ọmọ tó lẹ òwú mágbọ̀n, àbí tiyín? Ṣé ẹ fẹ́ gba àdúrà yín padà lórí ẹ̀ ni? A ti ṣe àmín sí i. Àdúrà tí bàbá bá gbà padà lórí ọmọ, kí lẹ máa ń pè é?"

Èpè ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, àmọ́ gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, èmi tí mo di ọwọ̀ mú náà mọ̀ ọ́n. Bàbá wo obì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ gbà á.

Tísà wá kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, Bàbá ní kí tísà dìde, pé àwọn kò bínú sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣèlérí." Bàbá ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú bí mi débi pé mo gé ètè ara mi jẹ. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bí, mo ti mọ bí ẹnu ìlú ṣe ń ká ènìyàn mọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ọ̀rọ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣì lẹ́nu. Ẹ̀rù ló ba Bàbá. Wọ́n bẹ̀rù èpè tí kò sẹ́ni tó ṣẹ́, wọ́n sì fi ọmọ tó wà láàyè dí i.

Wọ́n so yìgì. Ní ọjọ́ tí yóò lọ, lẹ́yìn ìrun alásàárì, àwọn obìnrin agboolé pé jọ láti gbọ́ ẹkún. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ pé ohùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, àwọn mìíràn ti Tẹ̀dé wá. Wọ́n fi ìborùn bò ó, wọ́n mú un jáde. Ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn ìyá, kò sọ̀rọ̀. Ó kọjá lọ́dọ̀ àwa ọmọ ilé-ìwé, kò sọ̀rọ̀. Níwájú Ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀, ó fi ojú pa mọ́ sí itan wọn, ó tún dìde. Mo na ọwọ́ sí i, ó dì í mú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Lọ́rì ti ń kùn níta.

Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá Iléyá kan náà, wọ́n ń dúró kó kí wọn. Obìnrin kan fọwọ́ tì í léjìká pé kó bẹ̀rẹ̀, pé bàbá rẹ̀ rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìborùn kúrò lójú, kò sómi kankan níbẹ̀.

"Mo ti kí yín, Bàbá," ló wí. "Ẹ sì ti ní kí n máa lọ."

Bàbá ti gbé ọwọ́ sókè láti fi lé e lórí. Ó tẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ náà má baà kàn án, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sídìí lọ́rì.