Fèrè Tí Mo Fi Òrí Pa

Mo rántí ọjọ́ tí mo fi òrí ọmọ mi pa fèrè ìyá arúgbó kan lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí mo wá jókòó tì í, tí mò ń retí kí wọ́n yìn mí. Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà náà. Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ, iṣẹ́ tí mo sì rí ni ti ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ardwick nílùú òyìnbó, níbi tí òyìnbó àgbàlagbà kan, tí irun etí rẹ̀ pọ̀ ju ti orí rẹ̀ lọ, ti ń tún fèrè ṣe. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń gbé fóònù, tí mo sì ń nu bọ́tìnnì onírin tí ìka ń tẹ̀ lára fèrè. Ọ̀gá gbà kí n máa gbé ọmọ wá, ó ní igbe rẹ̀ bá ohùn orin mu ju fífun fèrè àwọn oníbàárà òun kan lọ.

Ìyá náà wọ tíràmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, wá láti Oldham, ó fi tówẹ́ẹ̀lì wé fèrè náà bí ọmọ tuntun. Oboe ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: ó tín-ín-rín, igi ni, esùsú pẹlẹbẹ méjì tí a so pọ̀ ni wọ́n sì ń fi ẹnu fun lókè rẹ̀. Ó ní, "Títí bàbá mi fi kú, ohun tó ń sọ ni pé fèrè bàbá-bàbá òun nìyí, pé Párísì ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní irọ́ ni, pé kí n wo bọ́tìnnì ara rẹ̀, tuntun ni. Ó pe bàbá wa ní òpùrọ́ nídìí oúnjẹ ọjọ́ Sunday. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹun pọ̀ mọ́."

Lẹ́yìn tó lọ, ọ̀gá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ní Párísì, ìdílé-ìdílé ni wọ́n fi ń gbẹ́ oboe, bàbá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ. Igi pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, bọ́tìnnì rẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ. Nígbà tó yá wọ́n ń fi kún un, wọ́n sì bọ́ sórí igi dúdú láti ilẹ̀ Áfíríkà. (Inú mi dùn sí ìyẹn, bí ẹni pé èmi ni mo gé igi náà.) Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé wọ́n máa ń tẹ orúkọ ara wọn àti àdúgbò wọn sára igi. Bí wọ́n bá kó lọ sí àdúgbò mìíràn, wọ́n á yí i padà. Ẹni tó bá mọ ilé tí wọ́n ń gbé yóò mọ ìgbà tí wọ́n bí fèrè.

Mo rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ṣírò ọjọ́ orí ìyá ìyá mi nìyẹn! Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé wọ́n bí i nígbà tí ìdílé wa ṣì wà nílé oníkoríko, kí wọ́n tó kó lọ sí ilé páànù. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ìṣòro wa ni pé ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn lẹ́tà ara fèrè ìyá náà rẹ́ tán. Ọ̀gá ní, "Má fọwọ́ kàn án o, màá jẹun dé." Ó jáde. Mo wo fèrè náà, ó gbẹ, ara rẹ̀ ti funfun. Àánú ṣe mí. Mo tẹ màmá mi láago ní Longsight nítòsí.

"Màámi, igi kan wà níbí, ó gbẹ bí ẹsẹ̀ ọmọ nígbà ọyẹ́."

"Òrí tí mo kó sínú báàgì ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní kóo fọwọ́ kàn án? Pa á lára ni mo wí. Òyìnbó wo ló mọ iṣẹ́ òrí?"

Mo pa á. Fèrè ń dán gbinrin. Ọ̀gá wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kí lo fi sí i?" Ó gbé awò ńlá sójú, lẹ́tà kan ṣoṣo kò hàn mọ́. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ tó burú ju ariwo lọ sọ pé, "Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí bàbá obìnrin yẹn ní nìyẹn." Mi ò ronú iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́, bàbá tí mi ò mọ̀ rí ni mò ń rò.

Kí ni ìyá ọmọ ń ṣe bí òrí bá pọ̀ jù? Ọ̀gá ṣì ń wí pé "Dúró!" nígbà tí mo ti bu páúdà ọmọ lé e. Mo fi nápíìnnì ọmọ mi tó rọ̀ nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Páúdà kúrò lójú igi, ṣùgbọ́n ó dúró sínú kòtò àwọn lẹ́tà, funfun báláú. Orúkọ yọ, àdúgbò yọ. Ọ̀gá tẹ̀ ba lórí rẹ̀. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ní, "Ilé tí ìdílé tó gbẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé nìyí. Ó ti pẹ́ gan-an. Àmọ́ bọ́tìnnì wọ̀nyí kò dàgbà tó o."

Mo ní, "Ọ̀gá, ìyá ìyá mi ti lé ní àádọ́rin kó tó fi eyín góòlù sẹ́nu. Ẹni tó bá wo eyín náà nìkan á ní ọmọge ni."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tú bọ́tìnnì mélòó kan. Lábẹ́ wọn la ti rí ihò àtijọ́ tí wọ́n ti dí pa. Ẹnì kan ló pààrọ̀ bọ́tìnnì nígbà tí ti àkọ́kọ́ gbó. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: àkísà fèrè náà ló wà lábẹ́ aṣọ tuntun yẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá Oldham fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n náà wo inú awò títí, ó wúkọ́. "Ó dáa. Bàbá kò purọ́."

"Mi ò gbọ́," ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Mo ní bàbá kò purọ́!"

"Tún un sọ, ó dùn létí mi."

Àwọn méjèèjì jọ jáde lọ jẹun. Ọ̀gá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé òrí kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́, àmọ́ agolo páúdà kan wà láàárín irinṣẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Ọmọ ìgbà náà ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, mo sì ti bí àbúrò rẹ̀. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, tí mo fi òrí pa á, tí mo bu páúdà sí i lọ́rùn, àwọn ìlà ọrùn rẹ̀ á yọ funfun. Nígbà mìíràn mo máa ń tẹ̀ ba lórí rẹ̀ bíi ti ọ̀gá, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi rẹ́rìn-ín sí mi lójú. Ẹ̀rín ìyá ìyá mi ni, àfi pé ọmọ náà kò tíì ní eyín kankan.