Ọjọ́ Tí Wọ́n Gba Ìpè Lọ́wọ́ Mi

Wọ́n ti ń nà wá bọ̀ nígbà tí ọ̀gá kóòṣì ní kí n kó ìwé ìpè lé Ṣadé lọ́wọ́. Ojú gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ti sọ ọ́.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Lucan, ìlú kan lókè òkun, ni mo ti ń ṣe kóòṣì. Kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, èmi ni mò ń pe ohun tí àwọn tiwa yóò ṣe: ta ni yóò gbé e sáré, ta ni yóò lọ gbà á níwájú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Mo máa ń rò ó dáadáa kí n tó pè é. Ṣadé, tí mo kọ́ níṣẹ́ fúnra mi, ló wá ń sọ pé mo máa ń pẹ́ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó pè é tán, àwọn tó ń dènà wa á ti sinmi, wọ́n á ti pààrọ̀ èèyàn."

Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni òun ń pè. Àwọn alátakò ò tíì dìde tán nílẹ̀ tí àwọn tiwa á ti tò, bọ́ọ̀lù á tún ti gbéra. Àwọn tó ń dènà ń mí hẹlẹhẹlẹ. A gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òǹwòran ń pariwo "Ṣadé!" Wọn ò pariwo orúkọ mi rí.

Ni mo bá rí Conor, òmìrán tó ń ṣí ọ̀nà fún wa níwájú, tó fọwọ́ lé orúnkún. Eré yẹn ti ń pa àwa náà. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Ìpè mẹ́ta tẹ̀ léra, a ò sún síwájú. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ṣadé yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mi ò rí?"

Ojú tì mí. "Ó ti rẹ Conor. Jẹ́ kí wọ́n mí díẹ̀ kí o tó pè, lẹ́yìn náà kí o tún sáré lójijì."

"Grand, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé, sà."

Ó dẹwọ́ ìpè díẹ̀. Àwọn tó ń dènà rò pé ìsinmi dé, wọ́n ń pààrọ̀ èèyàn lọ́wọ́ nígbà tó tún sáré pè é. Ibẹ̀ la ti borí.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń pè é. Èmi ń dúró tì í, mò ń wo ẹni tó ti rẹ̀. Bí ó bá yọrí sí rere, á sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù pé, "Ẹ̀gbọ́n ló rí i o." Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n ráyè bínú sí i tó bí mo ṣe fẹ́.