Omi Òkè Iná Nínú Ìgò Àgbo

Òórùn omidùn ni wọ́n fi ń mọ ilé wa ní Peckham, nílùú òyìnbó. Kó o tó gun àtẹ̀gùn fúláàtì wa tán, òórùn kíkan yẹn á ti pàdé rẹ, torí ìyá wa kì í da omi orí ògì nù láéláé. Inú ike ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á tì í sẹ́yìn fíríìjì, òun ni wọ́n fi ń rẹ èèpo igi tí wọ́n rà lọ́jà Rye Lane fún àgbo bàbá wa. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí káńsù tó ni fúláàtì bá gbóòórùn ilé wa, wọ́n á lé wa jáde. "Àgbo yìí ló tọ́ ẹ dàgbà, ẹlẹ́nu," ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Òótọ́ sì ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, jẹjẹrẹ ń bá bàbá wa fà á. Kẹ́mó, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gbà, ti sọ ara wọn di ilé tí kò nílẹ̀kùn. Dókítà ní kòkòrò tó bá fẹ́ ló lè wọlé. Àbúrò mi obìnrin sì ń kàwé lórí yíìsì ní yunifásítì. Kì í ṣe èyí tó ń mú búrẹ́dì wú o, àwọn tó ń gbé inú omi kíkan tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ òkè ayọnáyèéfín ni, níbi tí ẹja kankan ò lè gbé. "Aunty, oríṣiríṣi ni wọ́n! Ọ̀pọ̀ nínú wọn, nobody tíì mọ̀ wọ́n rí," ló máa ń wí, inú rẹ̀ á máa dùn. Èmi á ní ṣé ìyẹn náà niṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, fíríìjì láàbù wọn bàjẹ́, ló bá gbé ike omi òkè ayọnáyèéfín náà wálé. Ó ti fi ṣúgà bọ́ yíìsì inú rẹ̀, omi náà ti funfun bàìbàì, kíkan rẹ̀ sì ń ta síni nímú. Ó tì í sínú fíríìjì, ó sì ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. "Mummy, omi kíkan mi wà nínú fridge o. Please, ẹ má dà á nù!" Ìyá wa ní àwọn gbọ́. Ta ló fẹ́ da omi kíkan nù nílé wa?

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wá ike rẹ̀ tì. Ìyá wa nawọ́ sí ìgò àgbo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti fi rẹ èèpo. Daddy yín ti ń mu ún láti àná. Ó kan ju tèmi lọ." Àbúrò mi jókòó gbì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì. Bàbá wa wúkọ́ ní pálọ̀, la bá sáré pe dókítà.

Dókítà ní ká máa ṣọ́ wọn. A ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ibà fi dé, tí wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọsibítù yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, yíìsì wà nínú rẹ̀. Dókítà bi àbúrò mi pé kí lorúkọ yíìsì náà, kí àwọn lè mọ oògùn tó máa pa á.

"Kò tíì lórúkọ," ló wí.

Ìyá wa gbá orí mú: "Yéè! Kí ni mo fún ọkọ mi mu?"

Àbúrò mi padà sí láàbù, ó ń dán oògùn kan tẹ̀ lé òmíràn wò lára èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìgò, bàbá wa sì ń rù lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, ó rí èyí tó pa á. Alhamdulillah, bàbá wa padà wálé.

Omidùn ò sí ní fíríìjì wa mọ́. Nínú Ramadan tó kọjá, lẹ́yìn ìṣínu, bàbá wa béèrè pé, "Alhaja, àgbo mi dà?" Ìyá wa wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Ẹ lo ti dókítà, Alhaji." Inú máa ń bí mi sí àbúrò mi tẹ́lẹ̀ nítorí ike tó gbé wálé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àánú ìyá wa ló ṣe mí. A rí bàbá wa gbà padà, àmọ́ omi yẹn ti mú ìgboyà ọwọ́ tó tọ́ gbogbo wa lọ. Títí dòní, tí ìyá wa bá bu omi ẹ̀rọ lásán fún bàbá wa, wọ́n á kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún wọn.