Ààwẹ̀ Igi Máńgòrò Ìdí Kànga

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo ń dúró sí kí n tó lè wo inú kànga, igi máńgòrò kan wà lágbàlá ilé wa ní Ìta Fájì. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló gbìn ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ Ìta Fájì ju ilé àti ṣọ́ọ̀bù lọ, ẹ gbà mí gbọ́: igi náà tóbi débi pé abẹ́ rẹ̀ la ti ń kéwú lọ́sàn-án, oòrùn kì í sì í rí wa.

Ọyẹ́ máa ń mú nígbà náà. Bí a bá jí fún ìrun àsùbáà, ètè wa á ti là, a ó máa du àdí àgbọn mọ́ ara wa lọ́wọ́. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, Ìyá Àgbà á kó wa jọ, á ní: "Igi yìí ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí ìdí rẹ̀, ìbáà ṣe omi àlùwàlá. Ẹni tí kò gbààwẹ̀, ọdún wo ló fẹ́ ṣe?" A ó kó bútà àlùwàlá wa lọ sẹ́yìn ilé. Òtútù àti òùngbẹ á bá igi náà fínra, ewé rẹ̀ á rọ bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ni òdòdó á bo gbogbo orí rẹ̀. Bí èso bá pọ́n, àwọn aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá Àgùdà kan, onígbàgbọ́, ní Láfíàjí. Àwa onílé la máa ń jẹ kẹ́yìn.

Lọ́dún kan, àìsàn dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Bí ìyá mi bá gbé ẹ̀kọ wá, Ìyá Àgbà á yí ojú sí ògiri. "Máńgòrò mi nìkan lẹnu mi ń fẹ́. Bó bá lè tètè so, n ó jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ ọ. Ọyẹ́ ọdún náà le, igi sì dúró ní gbígbẹ. Lọ́kàn èwe mi, mo rò pé òùngbẹ ló ń dá a dúró. Ni mo bá ń jí ṣáájú gbogbo ilé, mo ń gun àpótí mi, mo ń fa omi, mo ń da garawa méjì sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀. Mo ṣe é fún ohun tó lé ní oṣù kan.

Igi náà rúwé. Ewé tuntun, pupa, tó ń dán. Inú mi dùn. Òdòdó ni n kò rí.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé òun jókòó sójú fèrèsé. Ó wò ó títí. "Igi tó bá mu àmuyó, ewé ló ń bí. Ta ló já ààwẹ̀ igi mi?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Áà, olómi!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pariwo. "Ìwọ lo máa so máńgòrò fún wa lọ́dún yìí nìyẹn!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo ń sunkún. Ó fà mí mọ́ra. "Ìfẹ́ lo fi ṣe é, Ọlọ́run sì rí ọ. Bí ẹ̀mí bá wà, a ó jẹ ẹ́ lámọ́dún."

Ẹ̀mí kò sí. Kí òjò ọdún náà tó dúró ni a sin ín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dá mi sí, mo bímọ, mo rí ọmọ ọmọ, igi náà sì ń so. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ á dé lónìí, á lọ lọ́la. Ooru á mú wa mọ́jú, òjò á rọ̀ nígbà tí kò yẹ, ìwọ̀nba òdòdó tó bá yọ á dúdú, á sì rẹ̀ dànù. Àwọn àbúrò mi ní ká gé e, ká fi àyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù bíi ti Ìdúmàgbò. Èmi ń rò ó pé ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ló tún padà wá bá mi. Mo sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ mi obìnrin tó kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì. Ó gbọ́wọ́ lé ara igi náà.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ já ààwẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ọjọ́ ló yí padà, igi yìí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so láìsí ọyẹ́. Irú mìíràn wà tó lè fara dà á. Ẹ jẹ́ ká bẹ́ orí èyí, ká so ẹ̀ka ìyẹn mọ́ ọn lára kó hù."

"Orí rẹ̀ kẹ̀?"

"Gbòǹgbò Ìyá Àgbà yín á ṣì wà níbẹ̀. Àbí ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́?"

"Ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú bíi tirẹ̀."

N kò lè wò ó nígbà tí wọ́n ń bẹ́ ẹ. Yàrá ni mo jókòó sí, mo ń fa tẹ̀sùbáà, mo ń gbọ́ ìró ayùn.

Ẹ̀ka tuntun tí wọ́n so mọ́ ọn hù, nígbà tó sì di ọdún yìí, ó so díẹ̀. Mo pín in kiri bí Ìyá Àgbà ti ń ṣe. Ní Láfíàjí, ọmọ ọmọ ìyá Àgùdà ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo jẹ tèmi kẹ́yìn. Ó dùn, mo sì ṣọpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn tí ẹnu Ìyá Àgbà ń fẹ́ nìyẹn. Adùn yẹn ti bá orí igi náà lọ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, bí ẹnì kan bá já ààwẹ̀ igi, ọmọ ilé ni. A ó bi í, á jẹ́wọ́, a ó sì fà á mọ́ra. Èyí tí wọ́n ń já lónìí, ta la fẹ́ bi? Síbẹ̀, bí oṣù ọyẹ́ bá ti wọlé, mo máa ń gbé bútà mi lọ sẹ́yìn ilé, kí omi àlùwàlá mi má bàa kan ìdí rẹ̀, kódà bí òjò bá ń rọ̀ lé e lórí.