Èmi àti Àǹtí Bùsọ́lá Lọ Wá Bíléèdì Fáànù ní Owódé Onírin

Ẹlòmíì tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, físà ló máa kọ́kọ́ lọ gbà. Èmi, láti Ìkòsí ni mo ti lọ sí Owódé Onírin. Kèké kan, bọ́ọ̀sì kan, ó parí. Síbẹ̀, ìrìn àjò ni mo pè é, torí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà wálé.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Àǹtí Bùsọ́lá ti múra, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, báàgì lórí ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ó sì ti lé lógójì ọdún. Mo ní, "Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù ò tíì ṣí o." Ó ní òun mọ̀, òun kàn ti ṣe tán ni.

Fáànù ni Àǹtí fẹ́ràn láyé yìí. Kì í ṣe atẹ́gùn ẹ̀ o, fáànù fúnra ẹ̀. Á tú u, á nù ún, á tún un tò, á wá jókòó tì í, á máa gbọ́ ohùn ẹ̀. Dọ́kítà ní ọ́tísìímù ni. Èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì mẹ́ta, mo rò pé oògùn ni, mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni kí wọ́n máa lò ó lójúmọ́. Dọ́kítà wò mí títí. Ó ní kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe bí Àǹtí nìyẹn.

Bíléèdì fáànù yàrá ẹ̀ ló kán. Ohùn fáànù yẹn ló fi ń sùn láti kékeré, kò sì rí oorun sùn mọ́ látìgbà tó ti kán. A ra tuntun, ó ní ohùn ẹ̀ ń gún òun létí. Ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Ìyàwó mi bá ní kí n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ má jẹ́ kó sọnù o."

Bá a ṣe jáde, Ìyá Ṣọlá, aládùúgbò wa, ti dúró sójú ọ̀nà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní pásítọ̀ òun lè gbàdúrà sí nǹkan fáànù yìí. Ọkọ ẹ̀ àtèmi la jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó. A mọ orúkún tó ń dun agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ a ò mọ̀ pé orúkún ìyàwó wa ń dùn wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò tíì pe pásítọ̀ fún wa.

A wọ kèké dé Kétu. Fáànù kékeré kan wà níwájú awakọ̀. Àǹtí ní, "Bíléèdì yín ò dọ́gba."

Awakọ̀ ní, "Mummy, tó bá ṣáà ti ń fẹ́ mi."

Bọ́ọ̀sì gbé wa kọjá Máìlì Tuélífù, ó já wa sí Owódé. Lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan tó bá bàjẹ́ la máa ń jù nù. Níbẹ̀, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbówó lórí. Wọ́n ní èdè tiwọn: "Bẹ́ljíọ̀m" ni ohun tí òyìnbó ti lò kó tó dé, "kóńdẹ́ẹ̀mù" sì ni irin tó ti kú, ìyẹn orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ń tà á. Fáànù táwọn ará Magodo lé jáde nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, àti èyí tí omi gbé jáde nílé àwọn ará Ajégúnlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé.

Ràfíù ló ń ta fáànù. Ó mú bíléèdì kan wá, ó búra pé orígínà ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Àǹtí ní kó dè é mọ́ fáànù, kó tan jẹnẹrétọ̀, kí òun gbọ́ ọ.

"Kẹ́ ẹ gbọ́ kí ni, Mummy? Bíléèdì ni, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì."

Ṣùgbọ́n ó tan án. Àǹtí jókòó sórí ríìmù táyà, ó dijú. Ó ní, "Kì í ṣe òun." Ràfíù pààrọ̀ ẹ̀. "Kì í ṣe òun."

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù kejì, pé pẹ̀nárítì ọjọ́ Sátidé ò tọ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má kúrò níbí o." Mo ní kí n kàn lọ là wọ́n lọ́yẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní fídíò ẹ̀ wà lórí fóònù òun tó ń gba iná ní ṣọ́ọ̀bù òun. A bá a débẹ̀. Ibẹ̀ náà, iyàn tún bẹ̀rẹ̀, a tún kó o lọ síbòmíì. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, irin nìkan ni mo rí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọra wọn.

Mo ní yéè, Àǹtí ti sọnù. Mo ń sáré kiri, mo ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n rí obìnrin kan tó ń gbọ́ fáànù. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo Àǹtí.

Ni sípíkà ọjà bá dún: "A ń wá ọkùnrin kan tó sọnù. Ó wọ bùbá búlúù, abíyá ẹ̀ ya lápá òsì. Ó máa ń sọ pé òun mọ ọ̀nà. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ iyàn bọ́ọ̀lù, ẹ yẹ ibẹ̀ wò."

Ọkùnrin tó ń wọn irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé irin sílẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ òsì sókè."

Mo gbé e sókè. Ó dì mí lọ́wọ́ mú títí dé ṣọ́ọ̀bù Ràfíù.

Àǹtí ò kúrò lórí ríìmù yẹn. Bíléèdì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti fi náílọ́ọ̀nù wé e. Ràfíù ní, "Ọ̀gá, àwa rò pé ẹ̀yin lẹ mú Mummy wá."

Àǹtí ní, "Ẹ ní kí n má kúrò níbí. Mi ò kúrò. Mo sì ti rí i."

Nígbà tá a délé, ìyàwó mi ti ń retí wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kò sọnù?"

Àǹtí ní, "Wọ́n ti rí Bàbá Tọ́pẹ́," ó sì wọlé lọ de bíléèdì ẹ̀. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Létí tèmi, bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ ni. Kí ìyàwó mi tó bu oúnjẹ tán, Àǹtí ti sùn lọ lọ́sàn-án gangan, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀. Ìyàwó mi jókòó ti ilẹ̀kùn ẹ̀, òun náà sùn síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ṣọlá yọjú, ó ní ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yẹn ńkọ́? Mo ní kí pásítọ̀ máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó wá lọ́jọ́ Sátidé, nígbà témi àti ọkọ ẹ̀ bá wà níwájú tẹlifíṣàn, kó lè fi àwa tí ọ̀rọ̀ wa le jù bẹ̀rẹ̀. Mo sì ní kí Ìyá Ṣọlá rọra sọ̀rọ̀, èèyàn ń sùn.