Gẹ̀ẹ́sì Tí Kàmọ́rù Gbé Dé láti Làìbéríà

Gẹ̀ẹ́sì ni Kàmọ́rù fi fẹ́ Mùsítúrà. Kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé, gẹ̀ẹ́sì bárékè ni. Ní nǹkan bí ọdún 1983, bàbá Mùsítúrà, ará Ṣakí, ń ta pákó ní Òkokomáíkò, Kàmọ́rù sì ni awakọ̀ tí àwọn sójà Ọ̀jọ́ máa ń rán wá rà á. Bí ewúrẹ́ ilé bá ń ké, a na ìka sí i: "At ease!" Bí ó bá ti sọ fún bàbá pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ó wá rí Mùsítúrà tó yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a yí ohùn padà kíá: "As you were, sà! Ọ̀la ni mò ń bọ̀." Bàbá kò mọ ohun tó wí. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n: ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì, ká padà síbi tí a wà tẹ́lẹ̀. Mùsítúrà a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ yóò fi máa dùn ún.

Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, tí wọ́n kó wọ inú bárékè, èdè yẹn ló kún ilé. Ẹnikẹ́ni kì í sáré níbẹ̀, "dọ́búlù" ni wọ́n ń ṣe. Ọbẹ̀ tó bá ṣàn jù, "As you were!" ni Kàmọ́rù máa ń wí, ìkòkò a sì padà sórí iná. Àdìjá ọmọ wọn ti mọ "Attention!" kó tó mọ "Ẹ káàárọ̀."

Ní ọdún 1990, wọ́n kó Kàmọ́rù àtàwọn sójà mìíràn lọ sógun Làìbéríà. Ó lé lọ́dún méjì kí Kàmọ́rù tó dé. Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, Mùsítúrà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì tó gbé lọ kọ́ ló gbé bọ̀. Tuntun yìí ń gé ìparí ọ̀rọ̀ sọnù bí ẹni ń gé ìdí ilá. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Dress small." Bó bá ti ń wí i ló máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ júwe: ẹ sún díẹ̀. Ó ń wí i fún ọmọ lórí ẹní, fún adìyẹ lẹ́nu ọ̀nà, fún àwọn tó jókòó sórí béǹṣì ìyàwó rẹ̀ ní Mámì Mákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, níbi tó ti ń ta àkàrà àti ògì gbígbóná. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà lórí béǹṣì, yóò wí i. Òun fúnra rẹ̀, etí béǹṣì gan-an ló ń jókòó sí, ìdí rẹ̀ kan a wà lófuurufú, àyè a sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bọ́sẹ̀, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò lè pa á mọ́ra.

"Ìyá Àdìjá, ẹ ò bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ fún?"

"Ta ni wọn ì bá fi í sílẹ̀ fún?"

"Háà! Ọkùnrin tó lọ fi ọdún méjì gbé ìlú onílùú! Orí ibùsùn ni ọkùnrin ti ń kọ́ èdè o, kì í ṣe lójú pátákó."

"Ẹ tajà yín, jàre."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí Kàmọ́rù bá ti la ẹnu, Mùsítúrà a máa fetí wá ohùn obìnrin lábẹ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ó ń retí "As you were" kan péré, kò gbọ́. Kò sì lè béèrè. Ẹni tó bá béèrè yóò gbọ́ èsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, obìnrin kan tó pọnmọ dé síwájú agbada. Béǹṣì ti kún. Ó fọwọ́ tẹ ọkùnrin tó jókòó sétí béǹṣì léjìká: "My man, dress small."

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Mùsítúrà sínú òróró.

"Who you dey find?" Ohùn rẹ̀ le.

"I not finding nobody-o. I finding food."

Gbogbo béǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Mùsítúrà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó mọ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù. Obìnrin náà, ará Làìbéríà tí ogun lé wá, Beatrice lorúkọ rẹ̀, ní òun kò mọ orúkọ sójà kankan. Mùsítúrà ní ta ló wá kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn? Ẹnu ya Beatrice. Ṣé wọ́n tún ń kọ́ ènìyàn nìyẹn? Ní ìlú tàwọn, ọmọdé ń wí i, àgbà ń wí i, pàápàá nínú ọkọ̀.

Ó gbé ọmọ sórí itan, ó ń bu àkàrà fún un, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ń sá lọ sí èbúté, ọkọ̀ sójà kan wá kó àwọn. Ẹni tó bá gòkè á ní "dress small", àwọn á sún. Òmíràn á gòkè, àwọn á tún sún, títí kò fi síbi tí àwọn lè sún sí mọ́. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò yé wí i. Sójà tó wa ọkọ̀ náà di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, òun náà ń bẹ àwọn tó wà lókè, "dress small, dress small", omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ọ̀gá rẹ̀ fi pàṣẹ pé kó wakọ̀ lọ.

"Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

Beatrice mi orí. Eruku ti sọ ojú gbogbo wọn di ọ̀kan náà.

Mùsítúrà bu àkàrà sí i fún ọmọ náà.

Nírọ̀lẹ́, Kàmọ́rù wà lórí béǹṣì iwájú ilé, létí, bó ṣe máa ń wà. Mùsítúrà lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá Àdìjá."

"Hẹ̀n?"

"Dress small."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ó gbìyànjú láti sún, ibi tí yóò sún sí kò sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mùsítúrà jókòó sínú àyè yẹn, ó sì di apá rẹ̀ mú.

"As you were," ni ó wí. "Ẹ padà wá sórí béǹṣì. Ó gbà wá."

Kàmọ́rù wo àyè tó ti kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, Mùsítúrà."

"Mo ti gbọ́."

"Lẹ́nu ta ni?"

"Lẹ́nu obìnrin kan tó ráyè nínú ọkọ̀."

Kàmọ́rù mí kanlẹ̀. Ó wá sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ìdí rẹ̀ fi bà lé béǹṣì.