Ọkùnrin Òjé Ojú Fèrèsé

Èmi ni mo kẹ́yìn dé, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èkejì mi kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ rí ayé ló yẹ kó máa pàṣẹ níbẹ̀. Èmi á ní ìránṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán ṣíwájú. Báyìí la ṣe ń fà á títí a fi dàgbà n'Ígbó-Ọrà, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ sílẹ̀ kó tó kú. Nígbà tí òun rọ́nà lọ sí ìlú òyìnbó láti kàwé, ó ku èmi àti màmá wa níbẹ̀. Mo ń ṣe tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, màmá ń dín gàrí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ìbejì.

Nígbà tí a wà ní kékeré, amọ̀ la fi ń ṣeré. A ó mọ iwin olórí méjì, a ó mọ egbére tòun ti ẹní rẹ̀, a ó fi ẹfun àti osùn kùn wọ́n, a ó sì tò wọ́n sẹ́yìn ilé kí oòrùn lè pa wọ́n. Òjò kan ṣoṣo ló máa ń run gbogbo wọn. Nígbà tí èkejì mi wá dé ìlú òyìnbó, tó rí àwọn ère òjé kéékèèké tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ta ni ì bá tún rántí bí kò ṣe èmi?

Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga l'Érúwà, tí àbúrò tirẹ̀ wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú èkejì mi, ló gbé ẹrù àkọ́kọ́ dé. Páálí náà kò ju ìwé lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo. Mo tú u, mo bá àwọn ènìyàn tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tí àwọ̀ wọn rí bíi páànù tuntun. Ọ̀kan ní ìyẹ́ àdán. Ọ̀kan kúrú, irùngbọ̀n rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé àáké dání. Ọ̀kan jẹ́ ejò tó ní orí obìnrin. Èkejì mi kọ ọ́ sí mi pé, "Òyìnbó náà ní iwin tiwọn o. Kùn wọ́n." Ó ní àwọn àgbàlagbà tó ní ìyàwó nílé ló ń rà wọ́n níbẹ̀, tí wọ́n ń kùn wọ́n tìfẹ́tìfẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ agolo àwọn tó ń kọ pátákó ìsọ̀ ni mo ń tọrọ. Búrọ́ṣì ilé-ìwé ti nípọn jù, mo bá gé irun ìrù ewúrẹ́, mo so ó mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Kẹrosíìnì ni mo fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, tìróò ni mo fi ń ṣe ẹyinjú. Mo kọ́ ọ fúnra mi pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi funfun kùn ún látòkèdélẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ tó kù kò ní dúró. Lọ́jọ́ kan ni ọ̀dà dúdú tó ti ṣàn jù dà sórí ẹlẹ́jò mi. Mo fi àkísà nù ún pẹ̀lú ìbínú, àfi bí dúdú náà ṣe kù sínú ìpẹ́ rẹ̀ nìkan, tí òkè rẹ̀ mọ́. Ejò náà wá dàbí ohun tó lè bu èèyàn jẹ. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ da á.

Màmá mi kò fẹ́ràn wọn. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo jókòó sójú fèrèsé, á kọjá, á ní, "Ṣé ojú fèrèsé yẹn ni ọkọ máa gbà wọlé?" Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdí rẹ̀. Ìyá tó bí màmá mi ní ère ìbejì méjì láyé àtijọ́, ọjọ́ tí bàbá wọn gba ẹ̀sìn Ìmàle ló kó wọn dà sódò. Láti ìgbà náà, màmá mi kò fẹ́ ohunkóhun tó ní ojú tí kì í ṣẹ́jú nínú ilé. Kó tó kírun, á kọ́kọ́ yí àwọn ènìyàn òjé mi lójú sí ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dé, màá tún yí wọn padà. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ẹrù kò dé mọ́, lẹ́tà kò dé mọ́. Màmá kọ́kọ́ bínú sí àwọn ilé-ìfìwéránṣẹ́, ó tún bínú sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo ń jẹ lẹ́tà. Ọdún kan kọjá. Nígbà tí ọdún kejì ń lọ, màmá kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Nínú ẹrù tó dé kẹ́yìn, ó ku ẹnì kan tí n kò tíì kùn. Ọkùnrin kan ni, ó fi aṣọ borí, ó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, ó mú ọ̀pá dání, kò ní ohun ìjà kankan. Èkejì mi ti kọ ọ́ pé, "Èmi nìyí. Òun ni kó o ṣe kẹ́yìn." Lọ́jọ́ Sátidé kan, àárò rẹ̀ sọ mí débi pé n kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo gbé ọkùnrin náà, mo kùn ún ní àwọ̀ ara wa. Nígbà tó gbẹ, mo yọ irun kan ṣoṣo nínú búrọ́ṣì, mo fi fa pélé ilé bàbá wa sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, inú mi sì dùn. Mo gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn lè pa á.

Màmá wọlé, omi àlùwàlá ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó rí i. Kò yí i lójú sí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì, ó wá fìdí mọ́lẹ̀.

"Ìgbà wo lo gbọ́?"

"Gbọ́ kí ni, Màmá?"

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ta ló wá sọ fún ọ?"

Ìgbà náà ni ohun tí mo ṣe yé mi. Kò sí ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ̀ pé láyé àwọn àgbà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n á kọ ilà ìdílé rẹ̀ sí i lójú, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóńjẹ, kó má baà wá pe èyí tó kù. Ẹnikẹ́ni kì í ṣe é fún alààyè. Ṣùgbọ́n igi la mọ̀ mọ ìyẹn. Tèmi yìí, òjé ni, láti ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ló ti wá, pẹ̀lú ejò àti arúgbó aláàáké. Báwo ni ọkàn mi ì bá ṣe lọ síbẹ̀?

"Màmá, kò sí nǹkan kan. Ara rẹ̀ á le. N kò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ gan-an nìyẹn. Ìyá ọmọ ló ń gbọ́ kẹ́yìn nílẹ̀ wa. Wọ́n á ní ara ọmọ kò yá díẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń gbádùn, títí àwọn àgbà á fi kóra jọ wá jókòó. Mo fi Alùkùráánì búra. Ó ní àwọn tó fi ikú àbúrò òun pa mọ́ fún ìyá àwọn náà búra. Ó dìde, ó lọ kírun, ó sì pẹ́ púpọ̀ lórí ẹní ìkírun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin òjé kò sí lójú fèrèsé mọ́.

Mo gba Èrúwà lọ. Ọ̀gá tó ń gbé ẹrù wá fún wa gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi fún mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ó ní àbúrò òun náà kò rí i mọ́, pé ó kúrò níbi tó ń gbé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o." Gbọ́ kí ni? Òun náà kò mọ nǹkan kan, ó kàn ti ń fi pa mọ́ ni! Mo wọkọ̀ dé Ìbàdàn, mo san owó tẹlifóònù láti pe ibi tí èkejì mi ń gbé tẹ́lẹ̀, obìnrin kan gbé e, ó ní ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo padà délé, màmá wo eruku ẹsẹ̀ mi, kò bi mí ní ibi tí mo lọ.

N kò mọ ẹni tó sọ fún àdúgbò. Bóyá kò sí ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí wa, wọ́n á jókòó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Kò sì pẹ́ tí wọn kò fi pe màmá mi ní Ìyá Ìbejì mọ́. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Tíṣà. Ó ń dá wọn lóhùn.

Èmi tó kù ló wá ń ṣọ́. Wọ́n ní kí n lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan l'Áyétẹ̀, màmá lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa kó fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, màá gbójú sókè, màá rí i lábẹ́ igi níta, tó ń wò mí. Bí mo bá sín, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Mo ń jágbe mọ́ ọn, mo ń ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orí bá fọ́ mi báyìí, èmi náà ti ń bẹ̀rù.

Ẹ̀yìn àpò gàrí ni mo ti rí ọkùnrin òjé. Inú abọ́ tánńganran kékeré kan ló wà, màmá ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó bu ẹ̀wà elépo síwájú rẹ̀. Ìyá mi tí kì í pa ìrun jẹ! N kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé e wá bá mi ní àtẹ́lẹwọ́.

"Omi ti ń pa ilà rẹ̀ rẹ́," ó ní. "Bá mi tún un fà."

Mo fẹ́ kọ̀. Bí ẹ bá rí ojú rẹ̀, ẹ̀yin náà á mú búrọ́ṣì. Mo fà á, ó dúró tì mí títí ó fi gbẹ, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Mo tún un fà lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ọdún náà tó parí.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí èkejì mi dé. Mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé, mo rí ọkùnrin kan tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ilé wa, tí màmá sì fẹ̀yìn ti òpó ẹnu ọ̀nà, tó di aṣọ rẹ̀ mú. Mo mọ ẹ̀yìn orí rẹ̀. Mo ké, mo sáré, mo ṣubú lù ú. Màmá ń wo ọwọ́ mi lára rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti ọwọ́ bọ ihò ejò.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí fún un. "Ẹ jókòó. Ẹ ó mu omi?"

Èkejì mi wò mí. Ìyá rẹ̀ kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ rí láyé.

Ó sọ tẹnu rẹ̀ fún mi lẹ́yìnkùlé. Owó ilé-ìwé ló tán, wọ́n lé e, ó ń fọ abọ́ káàkiri, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. "Ojú ló ń tì mí. Mo ní bí nǹkan bá ti dára, màá kọ̀wé." Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà la jọ sunkún.

A rò pé ìpayà ni, pé á lọ. Kò lọ. Àwọn ẹbí wá, wọ́n dì mọ́ ọn. Lèmọ́ọ̀mù wá, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá wa, ọmọ yín rèé." Màmá á ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ló sọ fún pé òun mọ̀ pé àkúdàáyà wà, pé ẹni tó ti kú níbì kan lè máa gbé níbòmíràn bí ènìyàn, kó máa jẹun, kó máa rẹ́rìn-ín, àti pé ọjọ́ kan á pòórá. Ó ń dúró de ọjọ́ náà. Èkejì mi sọ fún un nípa igi máńgòrò tí òun já bọ́ lórí rẹ̀ ní kékeré, nípa gbogbo ẹgba tó ti jẹ. Màmá ní àkúdàáyà kì í gbàgbé nǹkan. Abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló fi ń bu oúnjẹ fún un.

Ọjọ́ tí èkejì mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun gbé ère náà jù sódò, màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ má bá mi fọwọ́ kan ọmọ mi."

Èkejì mi ti lò tó oṣù méjì nílé kí ìgbà ẹ̀gúsí tó dé. Màmá jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Èkejì mi fa àpótí wá, ó jókòó kọjú sí i, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Láti kékeré ló ti máa ń fi eyín já etí ẹ̀gúsí kó tó bó o, tí màmá á sì gbá a lẹ́nu pé itọ́ rẹ̀ ni yóò tà fún àwọn èèyàn. Ó fi eyín já a. Ọwọ́ màmá dúró. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí màmá gbá a lẹ́nu.

Màmá rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọdún mélòó kan.

"Bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn," ó sọ fún un. "Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ni, ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni èkejì mi wí. Ó tún mú òmíràn, ó bó o.